Ilẹ̀ Tútù ní Ilé Ìdáná

Ìròyìn pé àlejò kò wá mọ́, ìyẹn kamaráàdì, ọ̀gá ìjọba tó fẹ́ wá ṣe ìpàdé, dé ilé Ignace ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ti kó ẹní ìyá rẹ̀, Màmá Àìná, jáde kúrò nínú yàrá lọ sí ilé ìdáná nítorí àlejò náà. Ká ní Dominique tètè jíṣẹ́ náà lánàá, ká ní kò kọ́kọ́ yà síbi tí wọ́n ti ń ta ọtí sódábì lẹ́bàá títì ọ̀nà Parakou, Màmá Àìná ìbá ti sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀.

"Ehuzu!" Dominique kí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Èdè Fọ̀n ni, òun ni gbogbo ayé sì fi ń kí ara wọn nígbà náà: nǹkan ti yí padà.

"Dandan!" Ignace dá a lóhùn. Ó ti wọ ṣòkòtò rẹ̀ tó dára jù lọ láti àná, kò sì tíì bọ́ ọ.

"Kamaráàdì ti gba Savalou lọ. Ìpàdé ti Dassa di ọjọ́ mìíràn."

"Ọjọ́ wo?"

"Wọn ò sọ. Àná ni wọ́n ti ní kí n wá sọ fún yín. Ẹ má bínú, táyà kẹ̀kẹ́ mi ló jò."

Lucienne, ìyàwó Ignace, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo kẹ̀kẹ́ tí Dominique fi ti ògiri. Táyà méjèèjì le koko. Ó tún ìgbálẹ̀ mú dáadáa, ó ń bá ilẹ̀ tó ń gbá lọ.

"Ṣé annulé ni wọ́n sọ ni, àbí reporté?" Ignace bi í.

"Reporté ni mo gbọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó jàre lẹ́jọ́. "O gbọ́ ọ? Annulé ni pé kò wá mọ́ láéláé. Reporté ni pé ó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ ọ̀túnla."

"Ó sì lè jẹ́ àmọ́dún," ni Lucienne wí.

Ignace fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyá rẹ̀ tó so mọ́ ọrùn. "Yàrá náà á wà bó ṣe wà. Kò sí ẹni tó máa fara kan bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣáájú kamaráàdì. Èmi gan-an, Dominique, tí ẹ bá bá mi lórí rẹ̀, ẹ pè mí lólè."

Dominique rẹ́rìn-ín, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà náà ni ikọ́ dún láti ẹ̀yìn ilé. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi aṣọ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́. Ó tún dún.

Ilé ìdáná wà lẹ́yìn ilé, ní ìdí òkè gan-an. Ògiri amọ̀ mẹ́ta ló ní, àpáta ni ẹ̀kẹrin. Ẹni tó kọ́ ọ rí i pé òkè ti dúró síbẹ̀ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ó ní kí ló dé tí òun yóò tún máa po amọ̀, ó bá fi ilé ti òkè lẹ́yìn. Nígbà ooru, kò sí ibi tó dùn jókòó tó o ní àdúgbò. Ènìyàn á fẹ̀yìn ti àpáta náà, á dijú, á máa rò pé etídò lòun wà. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń sán, àpáta yẹn á di ọ̀tá. Á máa fa ooru mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi. Kí Lucienne dáná níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí iná náà bá ti ń kú báyìí, inú ibẹ̀ á tutù bíi pé wọn ò dáná níbẹ̀ rí.

Wọn ò sì gbọdọ̀ fi iná sílẹ̀ di àárọ̀. Kòmítè ti kéde rẹ̀ káàkiri: koríko ni wọ́n fi ń bo ilé ìdáná, iná sì ti jó abà iṣu ní Kpingni lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé tí wọ́n bá ti rí iná lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, onílé á sanwó ìtanràn. Kò sì sí àyè nínú rẹ̀. Ààrò, àmù omi, odó, ìdì igi, ẹní Màmá Àìná: ó tán. Bí Màmá bá na ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọnú eérú.

Lucienne bẹ̀ ẹ́ títí lálẹ́ àná pé kó wá sùn lọ́dọ̀ àwọn nínú yàrá kejì. Màmá Àìná kọ̀. Ó ní ìyá kì í sùn níbi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn, èèwọ̀ ni, pé ìyá tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti tú aṣọ lára ọmọ rẹ̀. Ó ní òun kò ní í lọ sùn nílé aládùúgbò náà. Wọ́n á ní Ignace lé òun jáde.

"Bàbá Martine," ni Lucienne wí, nígbà tó rí i pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ jáde. Martine ni orúkọ àkọ́bí wọn. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kí Màmá padà sí yàrá wọn."

"Ẹfun ò tíì gbẹ lára ògiri."

"Ẹfun tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ sí láti ìjẹta?"

"Lucienne, o ò mọ nǹkan. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa wa ọkọ̀ bíró dísíríkì. Ẹni mélòó ló bẹ̀ pé kí kamaráàdì wá sùn sílé àwọn? Èmi ni wọ́n mú. Àfi kó wá dé lójijì, kó bá ẹní àgbàlagbà àti ìgò àgbo nínú yàrá?"

"Yàrá tí wọ́n fi owó kúbùsù wọn kùn ni."

Òtítọ́ ni. Iṣu tí Màmá Àìná tà, tó ní òun fẹ́ fi ra kúbùsù kí ọyẹ́ tó le, owó rẹ̀ ló bá ẹfun lọ. Ignace ti ní òun á dá a padà tí iṣẹ́ bá bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba gáráàjì lọ.

Marguerite tó ń ta àkàsà ní ilé kejì kò pẹ́ dé, ó ní òun wá tọrọ ẹ̀yinná. Ojú rẹ̀ kò sí lára ẹ̀yinná rárá. Ó ń wo àkùkọ funfun tí wọ́n fẹ́ pa fún àlejò, tí wọ́n so mọ́ ìdì igi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Àkùkọ kamaráàdì ti gbọ́ pé wọ́n sún ikú òun síwájú? Ó ń kọ bí ẹni tó gba lẹ́tà."

"Tàńtí, ẹ jẹ́ n ráyè," ni Lucienne wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Mo gbọ́ ikọ́ Màmá mọ́jú. Ṣé ẹ ò lè dá iná ńlá ti àpáta yẹn lọ́sàn-án, kó lè gbóná di alẹ́?"

"Kí n wá sọ ilé ìdáná di ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta?"

Marguerite mi orí. Kò sí ọmọ Dassa tí kò mọ̀ ọ́n: iná ni àwọn tó ń ta òkúta wẹ́wẹ́ máa ń dá lé àpáta lórí, tó bá gbóná tán, á bú gbàmù. "Àdògán èédú ńkọ́?"

"Ẹ gbé e sí ibì kan kí n rí i. Orí ìṣẹ́tí aṣọ Màmá lẹ máa gbé e lé. Tí n bá sì tilẹ̀kùn mọ́ èédú, ṣé a máa jí bá wọn láàyè?"

Marguerite wo ilẹ̀kùn yàrá tí àgádágodo tuntun ń dán lára rẹ̀, ó wo ilé ìdáná. "Bí òkété bá dàgbà, wọ́n ní ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," ló wí jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ẹ̀yinná sọ̀rọ̀. Ó bu tirẹ̀, ó lọ.

Màmá Àìná ti jáde sórí òkúta pẹrẹsẹ tó wà níwájú ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Lucienne gbé ògì gbígbóná lọ bá a.

"Màmá, ọmọ yín kò ṣe é re."

"Ọmọ mi ń wá iṣẹ́." Ó gba igbá ògì, díẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹni tó ń wá iṣẹ́, bí aláìsàn ló rí. Má bá a jà, ìyàwó mi."

Lucienne nu ẹsẹ̀ náà. Awọ ibẹ̀ ti hunjọ bí ewé tábà.

Oòrùn ti kan àtàrí kí Ignace tó padà, ó gbé irin ńlá kan lé èjìká, ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ wá wo nǹkan! Òtútù ti parí nílé yìí."

Marguerite ti dé ẹnu ọgbà kí Lucienne tó dé. "Kí lèyí?"

"Ràdíátẹ̀ ni."

"Èyí tó máa ń wà nímú ọkọ̀ akẹ́rù? Tí ẹ fi ń tu ẹ́ńjìnnì lára kó má baà jó?"

"Òun náà ni."

"Yéè! Ìyá rẹ ń gbọ̀n, o wá gbé nǹkan tó ń tuni lára fún un. Ignace! Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

"Ẹ̀yin ẹ máa ta àkàsà yín. Kamaráàdì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nípàdé ọjọ́sí. Ní ìlú tútù tó ti kàwé, yìnyín ń bọ́ níta, àwọn ènìyàn ń bọ́ ẹ̀wù nínú ilé. Ràdíátẹ̀ ni. Ó wà lára gbogbo ògiri. Omi gbígbóná ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, ó parí."

"Wọ́n ní ògiri," ni Lucienne wí. "Tiwa, ibo lẹ fẹ́ gbé e sí?"

Ibi tí ìjà ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé odó jáde, kò gbà. Wọ́n gbé àmù jáde, kò gbà. Wọ́n kó ìdì igi síta, àkùkọ náà ń fà tìtì tẹ̀lé e, ó ń ké. Ignace fi irin náà ti àpáta, ó dúró ní gbọ̀ọ̀rọ̀, orí rẹ̀ kan koríko òrùlé. Ó gbé e dùbúlẹ̀, irin náà gba ibi tí orí Màmá máa ń wà. Níkẹyìn, wọ́n gbé e sí àárín ẹní àti ààrò, wọ́n ká ẹní po sí ìlàjì.

"Màmá á ká ẹsẹ̀ kò," Ignace wí. "Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, kí ló fẹ́ na ẹsẹ̀ sí?"

Omi tí Lucienne pọn láti ìdájí, tó tò fún ní kànga ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Martine, ni wọ́n sè. Igi tí wọ́n fẹ́ fi se iṣu alẹ́ ni wọ́n fi sè é. Ignace fi igbá rọ ọ́ sínú irin náà díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń fún ọmọ jòjòló lóògùn.

Ó sì gbóná. A kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Màmá Àìná gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ojú rẹ̀ là.

"Ó gbóná bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún," ló wí. "Ignace, ìwọ lo ṣe èyí?"

Ignace dàbí ọmọdé tí wọ́n fún ní ẹran. Marguerite pàápàá kò rí nǹkan sọ. Lucienne jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó rí i tí oorun ń gbé ìyá àgbà náà lọ, ó sì ń ro ìlú ọ̀hún lọ́kàn: ilé funfun tó gùn jàńtì-rẹrẹ, irin kan lẹ́bàá ògiri kọ̀ọ̀kan tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ikùn ológbò, ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn na ẹsẹ̀ wọn tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ ọkọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó gbé kèrègbè àti garawa, òun àti Martine tún padà sí kànga, nítorí kò sí ẹ̀kán omi kan nílé mọ́.

Èrò pọ̀ ní kànga. Oòrùn ti ń wọ ẹ̀yìn òkè kí wọ́n tó dé.

Ilé ìdáná dákẹ́. Lucienne bẹ̀rẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú omi. Omi pupa, tó ti ìdọ̀tí irin wá, ti gba gbogbo ilẹ̀, ó ti rin ẹní gbindin, ìfofòó funfun sì léfòó lójú rẹ̀. Màmá Àìná jókòó sí àárín rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti àpáta, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ itan. Eyín rẹ̀ ń kan ara wọn.

"Màmá! Ìgbà wo ló ti ń jò?"

"Kò pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò pariwo?"

Ìyá àgbà náà gbójú sókè díẹ̀. "Marguerite wà níta. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ pé iṣẹ́ ọmọ mi bàjẹ́."

Lucienne fi ìka kan ìdí irin náà. Ó ń yọ̀. Ó gbé e sí imú: ọṣẹ ìfọṣọ. Ó yé e. Ní gáráàjì, ọṣẹ ni wọ́n fi ń dí tánkì epo tó bá lu, nítorí epo kì í jẹ ọṣẹ. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ràdíátẹ̀ náà lu. Ó fi ọṣẹ dí ihò omi gbígbóná.

Ó gbé Màmá síta. Kò wúwo ju ìdì igi lọ. Ó bọ́ aṣọ tútù, ó fi aṣọ ìró tirẹ̀ méjì wé e, ó ń fi òróró pa á láyà. Marguerite ti sáré dé pẹ̀lú ṣáàlì rẹ̀. Ó yọjú wo inú ilé ìdáná.

"Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù," ló wí. "Ti ilé yìí yàtọ̀. Ọmọ ló da omi, ìyá ló ń tẹ̀ ẹ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Lucienne mú ọ̀bẹ. Ó tú okùn ẹsẹ̀ àkùkọ funfun náà. "Martine, bá mi di ìyẹ́ mú." Ní ojúde ló ti fi òkúta mẹ́ta dáná, ó se é pẹ̀lú ata púpọ̀, ó sì ń fi ṣíbí fún Màmá ní omi ẹran nígbà tí Ignace wọlé. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀.

"Lucienne. Àdìẹ wo lo sè?"

"Èyí tó wà nílé."

"Àkùkọ kamaráàdì!"

"Kamaráàdì ti gba Savalou lọ, ó ti rí òmíràn jẹ níbẹ̀. Ẹ wo ìyá yín."

Ó wò ó. Ó lọ wo inú ilé ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀, ó gbọ́ tí irin náà ń kán tó, tó, tó. Nígbà tó jáde, ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú lẹ́nu rẹ̀. "Mà á gbé e padà lọ jó ojú ihò náà pa lọ́la. Ihò kékeré ni."

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Mo ní lọ́la!"

"Alẹ́ òní ni òtútù wà. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, Bàbá Martine. Mò ń bẹ̀ yín."

"Kí wọ́n gbé ikọ́ yìí wọ yàrá? Kó máa tutọ́ sára ògiri funfun? Ẹni tó bá gbé kamaráàdì sùn sínú ikọ́ arúgbó, ṣé ọkọ̀ ni wọ́n á fi fún un wà, àbí ẹ̀wọ̀n?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ̀ pé ó ti jáde. Ọmọ odó tó ń dún nílé Marguerite dúró. Màmá Àìná gba ṣíbí lọ́wọ́ Lucienne, ó gbé e sínú àwo, ó fa aṣọ bo orí. Lábẹ́ aṣọ náà, ikọ́ fẹ́ jáde, ó sì gbé e mì. Gbogbo wọn rí i bó ṣe gbé e mì.

Ignace ní òun ń lọ bi Dominique bóyá wọ́n ti dá ọjọ́ mìíràn, ó sì jáde.

Lucienne fọ àwo. Ó wọ yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń sùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde: ìrọ̀rí Ignace, aṣọ ìbora rẹ̀, bàtà rẹ̀, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tó so rọ̀. Ó nu ilẹ̀ ilé ìdáná gbẹ, ó da eérú sí i, ó tẹ́ ẹní mìíràn. Ó ká a po sí ìlàjì, nítorí irin náà. Ó to gbogbo ẹrù náà sórí rẹ̀ létòlétò. Lẹ́yìn náà, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Yàrá tí ọmọ yín ọkùnrin kò sùn sí, tí kò sí aṣọ rẹ̀ níbẹ̀, tí kò sí bàtà rẹ̀, ṣé èèwọ̀ ni kí ẹ sùn síbẹ̀?"

Ìyá àgbà náà ro ó títí. Ó wo iná òkúta mẹ́ta náà tó ń kú lọ. "Rárá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìyẹn ti di yàrá obìnrin."

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ìyàwó mi, wọ́n á sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti ń sọ ọ́, Màmá."

Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa nígbà tí Ignace padà. Dominique kò mọ nǹkan kan. Ignace ti ilẹ̀kùn yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀, kò ṣí. Ó tún tì í.

"Lucienne, ṣílẹ̀kùn."

Ó gbọ́ tí ẹnì kan wú ikọ́ nínú, ikọ́ gidi, tí wọn ò gbé mì.

"Ta ló wà níbẹ̀? Yàrá mi ni o!"

"Ehuzu," ni Lucienne wí láti inú.

Ignace mọ ohun tó yẹ kéèyàn fi dáhùn. Kò dáhùn. Ọyẹ́ ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn, kọ́kọ́rọ́ náà tutù lórí àyà rẹ̀. Òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ búra níwájú Dominique pé òun kò ní í fara kan bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú yàrá tó tì pa de kamaráàdì.

Lucienne wá sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò gbé ohùn sókè rárá.

"Bàbá Martine, Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọmọ wà lórí ẹní. Mo ti yàn. Títí ẹ ó fi ṣí yàrá ìyá yín fún ìyá yín, ẹ kò ní í sùn nínú yàrá yìí mọ́. Ẹrù yín wà ní ilé ìdáná, mo ti nu ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, kí ràdíátẹ̀ lè ráyè."